Ìṣẹ́jú Mẹ́sàn-án Lẹ́nu Iléru

Ọmọbìnrin kan pa ẹ̀rọ tó ń ro irin yíyọ́ nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí àkókò rẹ̀ pé, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àkókò pé pérépéré.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Kíákíá ni gbogbo ilé ìyọ́rin ń pè é, nítorí kò mọ ìrìn jẹ́jẹ́ í rìn. Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, ó ti yára yí ẹ̀yìn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, ìgbà míì á sì tún padà wá béèrè ohun tí wọ́n ní kó mú wá. Wọ́n máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ló ń ṣọ́ iléru níbẹ̀, iléru ńlá tí wọ́n fi ń yọ́ àlùmíníọ́mù, ó sì ti lo ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́nu iná yẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ Kíákíá ló ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ fi oṣù mẹ́ta kọ́ṣẹ́ níbì kan, ó sì yan ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti yé ènìyàn. Àlùmíníọ́mù nìkan rọ̀ jù, nítorí náà wọ́n máa ń da ègé bàbà díẹ̀ sí i kó lè lágbára. Ṣùgbọ́n bàbà wúwo. Bí wọn kò bá rò ó dáadáa, ìsàlẹ̀ ni yóò rì sí. Láyé àtijọ́, ọ̀pá gígùn ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń rò ó, iná á sì máa jó wọn lójú. Ní báyìí, abẹ́ iléru ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìròpọ̀ sí, wáyà bàbà nínípọn tí wọ́n wé, tí wọ́n tún wé. Bí iná mànàmáná bá wọ inú wáyà yẹn, agbára òòfà á jáde lára rẹ̀, á la bíríkì ìsàlẹ̀ iléru kọjá, á sì máa ti irin yíyọ́ náà káàkiri. Nǹkan kan kò kàn án. Wàá kàn rí i tí irin gbígbóná ń yí fúnra rẹ̀ bí omi inú abọ́. Orógùn Àìrí ni àwọn òṣìṣẹ́ sọ ẹ̀rọ náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú kọ́kọ́rọ́, bẹ́líìtì onírin tàbí fóònù sún mọ́ ọn.

Òfin kan wà tó ga ju gbogbo òfin ibẹ̀ lọ: ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kí irin fi yí sí apá òsì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí apá ọ̀tún. Lọ́jọ́ kìíní tí Kíákíá débẹ̀, ó béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ní ṣebí yíyí ni yíyí ń jẹ́. Ìyá náà kò dá a lóhùn níbi iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n délé, ó bu omi sínú abọ́ funfun kan, ó da ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì sí i, ó sì fi ọwọ́ yí omi náà sí apá kan ṣoṣo. Nígbà tí omi dúró, gbogbo ìrẹsì náà ti kóra jọ sí àárín ìsàlẹ̀ abọ́.

"Ṣó o rí i?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Bó o bá ń yí i sí apá kan, ohun tó wúwo á sá lọ sí àárín, á jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ lọ sílé. Ojú òkè á máa dán, wàá rò pé o ti ṣiṣẹ́. Àfi kó o yí i padà kó tó lè dìde."

Kíákíá rí i, ó yé e. Kò lè sọ láéláé pé kò yé òun.

Ọjọ́bọ̀ lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ó ní ìdánwò àtiwọ kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ẹ̀rọ ní aago mọ́kànlá. Bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni yóò kó àwọn tó fẹ́ ṣe é. Yóò dúró lẹ́nu géètì ilé ìyọ́rin títí di aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn ìyẹn, ó ti lọ. Ẹni tó bá pàdánù ìdánwò yìí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Àdéhùn òun àti ìyá rẹ̀ ni pé kó ran òun lọ́wọ́ títí di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, kó fọ ọwọ́, kó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n iná lọ ní aago mẹ́jọ, kò sì padà títí ó fi ku díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù. Irin ti ń tutù. Nígbà tó fi tún yọ́ délẹ̀, tí wọ́n da bàbà sí i, tí ìyá tan Orógùn Àìrí, aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà, wọ́n pe ìyá láti yàrá iyanrìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi iyanrìn ṣe ihò sínú àpótí, ihò tí wọ́n ń da irin sí. Méjì nínú àwọn àpótí ibẹ̀ ti ya, bí wọn kò bá sì tún un ṣe kíá, irin kò ní níbi tí yóò wọ̀. Ìyá bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó béèrè nípa bọ́ọ̀sì. Kíákíá ní kò sí wàhálà, bọ́ọ̀sì á dúró de òun. Ó mọ̀ pé kò ní dúró. Ó kàn ń wù ú kí ìyá rẹ̀ rí i bí àgbà òṣìṣẹ́ tí a lè fi iléru sílẹ̀ fún.

Ìyá náà wá ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ìgbà tí ìròpọ̀ bá parí ni olùṣọ́ iléru máa ń fọwọ́ sí ìwé. Ó fọwọ́ sí i ṣáájú, ó ní kí Kíákíá kọ iye ìṣẹ́jú sí i tó bá tán, ó sì lọ. Yàrá iyanrìn kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ sí ibẹ̀.

Ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, Kíákíá yí ọwọ́ ẹ̀rọ láti òsì sí ọ̀tún. Irin náà lọ́ra, ó dàrú díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ìgbà náà ni ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìwọ, ṣé o ti fẹ́ iléru yìí ni? Dírẹ́bà ti tan ẹ́ńjìnnì o."

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án."

"Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ọ̀hún ló máa di ọdún kan sí ọ lọ́rùn. Irin tó ti ń yí láti ìgbà yìí, kí ló tún kù tó fẹ́ pò? Wò ó ná."

Kíákíá wò ó. Ojú irin náà ń dán bí dígí, ó dọ́gba láti etí dé etí. Bọ́ọ̀sì fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan. Ó wo ọ̀nà yàrá iyanrìn. Bó bá pariwo lẹ́ẹ̀kan péré, ìyá rẹ̀ á gbọ́, á sì wá dúró ti iléru. Ṣùgbọ́n ìyá á béèrè pé ṣebí o ní bọ́ọ̀sì á dúró. Fèrè tún dún. Ó gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sí àárín. Iná mànàmáná tí Orógùn Àìrí ń jẹ padà sára àwọn gílóòbù, gbogbo yàrá mọ́lẹ̀ sí i, fáànù òkè sì yára. Ó kọ ọ́ sínú ìwé lókè ìfọwọ́sí ìyá rẹ̀: òsì mẹ́wàá, ọ̀tún mẹ́wàá. Ó sáré jáde.

Ìbéèrè kẹta nínú ìdánwò náà lọ báyìí: Ṣàlàyé ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ yí ọ̀nà ìròpọ̀ padà bí a bá ń fi agbára òòfà ro irin yíyọ́. Àwọn tó kù ń fi ẹnu jẹ bírò. Kíákíá kọ ojú ìwé kan àtààbọ̀. Ó ya abọ́ kan, ó fi àmì tótòtó ya ìrẹsì sí àárín rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, inú ìyá rẹ̀ dùn. Ó bi í bí ìdánwò ṣe lọ, ó se tíì fún un, ó gé búrẹ́dì sí i. Ó ní àwọn tún àpótí iyanrìn ṣe, àwọn sì da irin láìsí ìdíwọ́. Ó ní ohun kan ṣoṣo tó ya òun lẹ́nu ni pé nígbà tí bàbá tó ń yẹ irin wò bu díẹ̀ lójú iléru, bàbà inú rẹ̀ kéré. Kò kéré kọjá ààlà, nítorí náà wọ́n gbà á. Ó ní bóyá àwọn tó wọn bàbà ni kò wọ̀n ọ́n pé.

Kíákíá di ife tíì rẹ̀ mú, kò mu ún. Ó mọ ibi tí bàbà tó kù wà. Kò tíì yọ́ pò nígbà tí òun pa ẹ̀rọ. Àárín ìsàlẹ̀ iléru ló jókòó sí, ohun tó bá sì jókòó síbẹ̀ ló máa ń ṣàn jáde kẹ́yìn. Ó ṣírò rẹ̀ lórí. Àpótí iyanrìn méjì tí wọ́n da irin sí kẹ́yìn, ogún-ogún ègé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ náà ni orúnkún àkàbà. Bí wọ́n ṣe ń pe irin tó so ìlàjì àkàbà méjì pọ̀ nìyẹn, èyí tó jẹ́ kó ṣeé ṣẹ́po, kó sì ṣeé nà. Gbogbo ara ẹni tó bá gun àkàbà, orúnkún méjì yẹn ló gbé e. Ogójì orúnkún, ogún àkàbà.

Ó yẹ kó sọ ọ́ ní tábìlì yẹn. Ó la ẹnu, ìyá rẹ̀ sì gbójú sókè. Kíákíá ní òun fẹ́ lọ sùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó rí àwọn orúnkún náà nínú apẹ̀rẹ̀ onígi ní sítọ́ọ̀, wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan náà sì wà lára irin lábẹ́ orúnkún kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀. Gbogbo wọn jọra bí ọmọ ìyá kan. Ó sọ ẹ̀rù tó ń bà á fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìyẹn bi í bóyá Kíákíá ló fẹ́ gun gbogbo àkàbà ayé. Ó ní irin tí wọ́n ti yẹ̀ wò, tí wọ́n ti gbà, kí ló kàn án mọ́. Kíákíá fẹ́ gbà á gbọ́. Ó gbà á gbọ́ fún bíi wákàtí kan.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìdajì ọjọ́ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí aago kan ń lọ lù, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fọ ọwọ́, ó wọ sítọ́ọ̀, ó mú orúnkún kan nínú apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́, ó fi fáìsì, ẹ̀mú ńlá orí tábìlì iṣẹ́, dì í mú, ó sì fi òòlù lù ú. Ó tẹ̀. Ó tún lù ú, ó tún tẹ̀ sí i. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó wá mú ọ̀kan nínú apẹ̀rẹ̀ tó kẹ́yìn, èyí tí wọ́n kó irin àpótí méjì tó kẹ́yìn sí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lù ú, ó dá sí méjì bí ṣọ́ọ̀kì. Ojú ibi tó ti ṣẹ́ dúdú, ó sì ṣe wóróworó. Bàbà ti pọ̀ jù níbẹ̀. Irin tó bá le jù kì í tẹ̀ láti kìlọ̀ fún ènìyàn, ńṣe ló máa ń ṣẹ́.

Ó fi ègé méjèèjì sínú àpò rẹ̀.

Ohun kan ló dá a dúró, kì í ṣe pé kò mọ ohun tó tọ́. Ọjọ́ Ajé ni máníjà yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Láìsí ìwé yẹn, kọ́lẹ́ẹ̀jì kò ní gbà á, kódà bó gba gbogbo máàkì ìdánwò. Ó bá ara rẹ̀ ṣàdéhùn pé bí máníjà bá ti fọwọ́ sí i báyìí, òun á sọ gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ Ajé ṣáà ni. Àwọn apẹ̀rẹ̀ náà wà ní sítọ́ọ̀, wọn kò sì ní ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá rẹ̀ béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ó ní ó yá. Ó ń tọwọ́ bọ àpò ní gbogbo ìgbà, bóyá irin yẹn á ti lẹ̀ pọ̀ padà.

Máníjà fọwọ́ sí ìwé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó kí i kú iṣẹ́, ó ní ọmọ tó jọ ìyá rẹ̀ ni. Kíákíá gba ìwé náà, ó sáré lọ sí sítọ́ọ̀. Ilẹ̀ lásán ló bá. Ọkọ̀ àwọn tó ń ṣe àkàbà ti wá kó gbogbo rẹ̀ láti aago méjì ọ̀sán Sátidé, wákàtí kan lẹ́yìn tó fi òòlù lu irin.

Ó lọ bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu iléru. Ó yọ ègé méjèèjì, ó nà án sí i. Ìyá wo ojú ibi tó ti ṣẹ́. Kò béèrè ohun tó jẹ́.

"Ìṣẹ́jú mélòó?"

"Mẹ́sàn-án, Mọ́mì."

"Ìgbà wo lo fọ́ eléyìí?"

"Sátidé."

Ìyá bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, ó bọ́ ti òsì, ó tò wọ́n lé ara wọn.

"Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án yẹn, mo lè bá ọ pín in, torí èmi ni mo fọwọ́ síwèé kí n tó lọ. Ọjọ́ méjì tó o fi gbé e sápò yìí, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bá ọ gbé e."

Ó dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ lọ sí ọ́fíìsì máníjà. Níbẹ̀, ìyá kọ́kọ́ sọ ti ara rẹ̀, ó ní òun fọwọ́ sí iṣẹ́ tí kò tíì tán. Lẹ́yìn náà ló ní kí Kíákíá sọ tirẹ̀. Máníjà kò pariwo. Ó gbé fóònù, ó pe àwọn tó ń ṣe àkàbà. Wọ́n sọ fún un pé àwọn fi ọjọ́ Àìkú ṣiṣẹ́, àkàbà mọ́kàndínlógún ni àwọn ti fi orúnkún inú apẹ̀rẹ̀ yẹn ṣe, wọ́n sì ti kó díẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Títí di ọjọ́rú ni wọ́n fi ń wá wọn. Ìyá àti ọmọ tẹ̀lé ọkọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń ka nọ́ńbà abẹ́ orúnkún kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí méjìdínlógún. Ọ̀kan tó kù, olùtajà kan ní òun ti tà á ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí òun ṣe ń ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin kan ló rà á, ó gbé e lé èjìká, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ. Kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ní aago mẹ́jọ ọjọ́ Ajé, Kíákíá wà lórí àga níwájú ọ́fíìsì máníjà, ó ń dúró de ìfọwọ́sí.

Wọ́n kéde lórí rédíò. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri. Láti ìgbà náà, Kíákíá kò lè kọjá lára àkàbà. Bó bá rí ẹni tó wà lókè, yóò dúró nísàlẹ̀, yóò kí i, yóò bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ sọ̀kalẹ̀ kí òun wo nọ́ńbà kan. Àwọn kan sọ̀kalẹ̀, àwọn míì lé e. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún àmì ojú ṣọ́ọ̀bù ṣe bi í bóyá ìjọba ti gba ọlọ́pàá àkàbà síṣẹ́, gbogbo èrò ibẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Kò bínú. Ó ka nọ́ńbà náà, kì í ṣe èyí tó ń wá. Kò mọ̀ bóyá kí inú òun dùn tàbí kí ó bàjẹ́, torí àkàbà yẹn wà níbì kan, ẹnì kan sì ń gùn ún. Ìyá rẹ̀ ní kó jẹun, ó ní ara tó bá kú kò lè wá àkàbà.

Èsì ìdánwò jáde. Ó yege dáadáa, ìbéèrè kẹta sì gba máàkì tó pé. Ṣùgbọ́n máníjà ti gba ìwé ẹ̀rí yẹn padà, kọ́lẹ́ẹ̀jì kò sì gbà á. Ọdún kan tó torí rẹ̀ sáré, ọdún náà ló pàdánù. Wọ́n mú ìyá rẹ̀ kúrò lẹ́nu iléru, wọ́n gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù. Kò ráhùn. Ó ní bí òun bá jẹ́ máníjà, ohun tí òun náà máa ṣe nìyẹn.

Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn tó lè tún èyí ṣe, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì gùn. Ẹni tó ń kánjú á ṣe àṣìṣe, gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é. Bó o bá ṣe é, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, fún ẹni tó lè tún un ṣe, kódà bó máa bà ọ́ lórúkọ jẹ́. Ohun tó o bá fi pamọ́ kò ní dúró dè ọ́ títí wàá fi ṣetán àtisọ ọ́. Ká ní Kíákíá sọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀, wọn ì bá kàn kó ogójì irin padà sínú iléru, kí wọ́n sì tún un yọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin kan wá sí géètì pẹ̀lú irin tó fi ìwé ìròyìn wé. Nọ́ńbà náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ni kunlékunlé tó ra àkàbà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Ó ń kun àjà ilé kan lọ́wọ́ nígbà tí orúnkún òsì àkàbà náà ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ balẹ̀, egungun gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì fọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù mélòó kan kọjá kó tó tún fi ẹsẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n dókítà ní kò gbọ́dọ̀ gun nǹkan mọ́ láyé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gun àkàbà báyìí, ọkọ ló ń di àkàbà mú nísàlẹ̀.